Bàbá Oníṣíbí Kan Ilẹ̀kùn

Ẹ̀rín ni Fẹ́yìsetán fi ń gbé oúnjẹ mì nígbà ayé Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n gógó. Bí ẹran ò bá sí lọ́bẹ̀, ẹ̀rín wà. Kí gàrí gbówó lórí bó ṣe fẹ́, ọjọ́ Àìkú á sáà dé, Bàbá Oníṣíbí á sì jáde nínú tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá arúgbó onífìlà gogoro kan ni nínú eré apanilẹ́rìn-ín náà. Kì í kí ẹnikẹ́ni nílé, àfi tí ìkòkò bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ṣíbí rẹ̀ ń bẹ lápò. Bó bá ti kan ilẹ̀kùn, kọ́, kọ́, kọ́, àwọn onílé á gbé ìkòkò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á pa fìtílà, wọ́n á wá fi ohùn tín-ín-rín kọrin:

Kò sẹ́nì kan nílé o,
A ti lọ s'Álápòtí,
Ajá ló ń dá ọ lóhùn,
Ológbò ló ń ṣọ́ ìkòkò.

Bàbá náà á sì dáhùn láti ìta:

Ajá tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ,
Bá mi kí ológbò,
Kó bu tèmi sílẹ̀ o,
Mo mú ṣíbí lọ́wọ́.

Ọdún gorí ọdún, wọ́n ń ṣe é, wọ́n tún ń tún un ṣe, kò sú ẹnì kan. Fẹ́yìsetán mọ ohun tí wọ́n máa wí kí wọ́n tó wí i, síbẹ̀ omi ẹ̀rín á bọ́ lójú rẹ̀. Ebi tó wà nílé wọn ni ebi tó wà nínú eré náà, ẹ ò rí i? Ẹni tó bá fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́, ebi ò ní rójú fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà ní Ojú Òré nílùú Ọ̀tà, orin náà ti di àṣà. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ńlá, orin ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Tó bá kọ ti Bàbá Oníṣíbí padà, wọ́n á ṣí i fún un. Àlàrí télọ̀, tí òun náà ń gbé ilé náà, ló burú jù: eré á máa lọ lọ́wọ́, á yọ́ jáde, á lọ kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Ògúndèjì, ọkọ Fẹ́yìsetán, wọ bàtà iṣẹ́. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe abọ́ ní Sàngó ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Ìyá Dúpẹ́, wọ́n ní kí n wá lónìí."

"Lọ́jọ́ Bàbá Oníṣíbí? Ẹ ò sọ fún wọn pé ara ìyàwó yín ò yá?"

"Ìwọ tí gbogbo Ọ̀tà ń gbọ́ orin ẹ látàárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. "Ẹ̀rọ yẹn ni ọkàn mi ò balẹ̀ sí. Wọn ò rí ẹ̀yà rẹ̀ rà wá láti òkè òkun mọ́, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Lánàá, ó ń kùn bí ajá tó fẹ́ bu èèyàn jẹ."

"Ẹ má fọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu o."

"Iṣẹ́ mi náà nìyẹn, kí n máa fọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu." Ó gba abọ́ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ àǹkárá dì, tó ti ṣíbí bọ orí rẹ̀. "Ṣáà wò ó dáadáa, kó o lè ṣe é fún mi tí mo bá dé."

Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn. Tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kó wò ó, Fẹ́yìsetán á ṣe gbogbo eré náà fún un látòkèdélẹ̀, àti ajá, àti ológbò.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n Mùsílíù, ayálégbé bíi tiwọn. Hàlímọ̀tù, aládùúgbò wọn, fa afẹ́fẹ́ símú.

"Òórùn ike ò wá láti Sàngó lónìí o. Ṣé wọn ò ṣiṣẹ́ ni?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́," ni Fẹ́yìsetán wí. "Ọkọ mi wà níbẹ̀." Ṣùgbọ́n òun náà fa afẹ́fẹ́ símú, afẹ́fẹ́ náà mọ́ lóló. Eré bẹ̀rẹ̀, ó gbàgbé.

Kọ́, kọ́, kọ́.

"Àlàrí ti tún jáde!" ni Hàlímọ̀tù pariwo.

Fẹ́yìsetán ló lé orin, gbogbo ilé gbè é. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn, gbì, gbì, gbì. Ẹnì kan ń sọ nǹkan níta, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ọ láàárín ẹ̀rín?

"Kọrin tìẹ!" ni Hàlímọ̀tù wí. "Tó ò bá kọrin, o ò wọlé!"

Ẹni náà ò kọrin. Ilẹ̀kùn dákẹ́.

Nígbà tí eré parí, Fẹ́yìsetán nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún Àlàrí, ẹ̀fọn á ti jẹ ẹ́ tán."

"Èmi rèé," ni Àlàrí dáhùn láti ẹ̀yìn àga Mùsílíù. "N ò kúrò níbí látìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

Fẹ́yìsetán ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kan. Abọ́ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi àǹkárá rẹ̀ dì í, ṣíbí ń bẹ lórí rẹ̀.

Kò síyàwó òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Bí nǹkan bá ṣe èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wálé. Ẹni tó gbé e wá ló ń sọ bóyá ó kú tàbí ó yè. Ẹni náà ni wọ́n fi orin lé lọ.

Ó gbé abọ́ náà. Ó wúwo. Ọkọ rẹ̀ ò tíì jẹun.

Òun àti Àlàrí sáré dé iléeṣẹ́. Mẹ́gáàdì ká ọwọ́ lérí.

"Ìyàwó Ògúndèjì! Ọmọ iṣẹ́ tuntun tá a rán sí yín ní òun gbọ́ tí wọ́n ń wí nínú ilé yín pé ẹ ti lọ sí Alápòtí. Ó ti wá yín lọ síbẹ̀!"

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó ń mí nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Ọwọ́ ni. Ẹ̀rọ dì í mú. Ẹ yára, dókítà ní òun ò ní gé e láìrí ẹbí rẹ̀."

Nílé ìwòsàn, Fẹ́yìsetán tẹ̀ka sí ìwé pé kí wọ́n gé ọwọ́ náà. Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà kí ẹ tó dé pọ̀ o, màmá. Ẹ máa gbàdúrà."

Ó jókòó, ó gbé abọ́ lé itan. Àdúrà tó fẹ́ gbà ò wá. Orin ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ń yí lórí ahọ́n rẹ̀: *kò sẹ́nì kan nílé o, kò sẹ́nì kan nílé*. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, orin náà ò dákẹ́.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Báńdéèjì ló dúró níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Ó lajú díẹ̀.

"Ìyá Dúpẹ́. Kí ni Bàbá Oníṣíbí ṣe?"

Fẹ́yìsetán wo báńdéèjì náà. Ó di abọ́ mú, kò lè lé orin náà.

Ògúndèjì bá na ìka ọwọ́ òsì, ó kan irin bẹ́ẹ̀dì. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó wá fi ohùn tín-ín-rín kọ ọ́ fúnra rẹ̀:

"Mo mú ṣíbí lọ́wọ́..." Ó sinmi. "Lọ́wọ́ òsì."

Fẹ́yìsetán tú àǹkárá orí abọ́.

"Ẹ wọlé, Bàbá Dúpẹ́," ló wí. "Mo wà nílé. Mo wà nílé o."