Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dáhùn?" Mẹkáníìkì yí ọrùn padà sí agbẹ̀bí tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Màmá, ọkọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan."

"Tó bá délé, á yíwọ́ padà," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n ni."

Ìgbà kẹrin rè é láàárín oṣù kan tí wọ́n máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ bátìrì, ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti fọ gbogbo ibi tí epo ń gbà kọjá, kò sí ohun tó kù tó lè pààrọ̀ mọ́ àfi ẹni tó ni ọkọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, kíá ni ọkọ̀ ń dáhùn. Nílé agbẹ̀bí, á máa kérora bí arúgbó tí wọ́n ní kó dìde, á di ìgbà kẹjọ, ìgbà kẹsàn-án, kó tó jí. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ ni, èèyàn lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń gbẹ̀bí, ọmọ ti délẹ̀ kí agbẹ̀bí tó dé. Inú ẹ̀jẹ̀ ló bá ìyá ọmọ. Díẹ̀ báyìí ló kù kó bá ìkúnlẹ̀ lọ.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn," ni agbẹ̀bí wí. "Aboyún ìbejì kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, oṣù rẹ̀ ti pé. Mi ò lè fi ẹ̀mí mẹ́ta ta tẹ́tẹ́."

Mẹkáníìkì nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ó dáa. Lọ́la, èmi náà á wá sílé yín. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ̀ fúnra rẹ̀."

Ọjọ́rú ni ọjọ́ kejì. Ó ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án nígbà tí mẹkáníìkì wọ àgbàlá náà. Ilé tó parọ́rọ́ ni, wọ́n gbálẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kan fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ agbẹ̀bí ló ni ín. Oṣù kẹrin rè é tí bàbá náà ti kú, kò tíì sẹ́ni tó gbé e kúrò níbẹ̀.

Mẹkáníìkì nìkan wọ ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kérora, kérora, kérora. Ìgbà kẹsàn-án ló tó jí. Inú ọkùnrin náà dùn bí ẹni tó rí olè tó ń wá.

"Ṣé ẹ wá rí i pé n kì í purọ́," ni agbẹ̀bí wí.

"Mo rí i, Màmá. Ẹ má dúró sínú oòrùn, ẹ wá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀." Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àgbàlagbà kì í dúró lórí ìdúró nígbà tí wọ́n bá ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń fi wọ́n jókòó sí, bí ìjòyè.

Agbẹ̀bí jókòó sẹ́yìn. Mẹkáníìkì pa ọkọ̀, ó tún un yí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló jí.

Ó tún pa á. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Ọkọ̀ kérora. "Ẹ padà wọ ọkọ̀." Ọkọ̀ jí. Ni mẹkáníìkì bá fọwọ́ gbá ara rẹ̀ níwájú orí.

Ó tú àga ẹ̀yìn, ó yẹ gbogbo abẹ́ rẹ̀ wò fínnífínní, ó wá pe agbẹ̀bí kó wá wò ó. "Pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa epo ló wà lábẹ́ ibí. Téèyàn bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ kùn díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó lè jí. Ẹ wo wáyà rẹ̀, ó ti já díẹ̀. Bí ìdí èèyàn bá tẹ àga mọ́lẹ̀, wáyà á fẹnu kanra, pọ́ọ̀ǹpù á kùn. Bí kò bá sẹ́ni níbẹ̀, wàhálà dé." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Ọ̀wọ̀ tí mò ń bù fún yín ló ń bá ọkọ̀ yín fi àìsàn pamọ́ fún mi."

Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín. "Àfi kí èèyàn jókòó síbẹ̀?"

"Èèyàn o, ẹrù o, ohunkóhun tó bá ti wúwo."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bó bá ti di aago mẹ́wàá ní Ọjọ́rú, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dáhùn? Èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú rẹ̀. N kì í gbé ẹrù kankan sẹ́yìn."

"Kí ló wà ní aago mẹ́wàá Ọjọ́rú?"

"Ìgbà yẹn ni mo máa ń gbé bàbá wọn lọ sílé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ wọn. Odindi ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ nà."

Orí mẹkáníìkì wú díẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í tètè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. "Màmá, wáyà ò mọ Ọjọ́rú yàtọ̀ sí Ọjọ́bọ̀. Ooru ló ń bá a ṣeré."

"Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ rè é," ni agbẹ̀bí wí. "Ẹ dá àga yẹn padà. Ẹ jẹ́ ká dúró."

Wọ́n dúró. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, mẹkáníìkì jókòó síwájú, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn. Agbẹ̀bí wà níta, ó káwọ́ lẹ́yìn, mẹkáníìkì ń wò ó láti ojú gíláàsì. Kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ tí àga ẹ̀yìn dún. Ó dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, apá kan ṣáájú, èkejì tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn bá rọra ń jókòó. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ọ̀ǹpù kùn, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì àga ti wọlẹ̀, kò sì padà sókè. Ká má purọ́, ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Kò mọ ìgbà tó pa ọkọ̀, kò mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ti rí i," ni agbẹ̀bí wí.

Mẹkáníìkì tọ́ka sí àga ẹ̀yìn. "Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, Màmá. Bí mo bá ti so wáyà yẹn, ọkọ̀ á máa dáhùn nígbàkigbà, bí ẹnì kan wà lẹ́yìn, bí kò sí."

"Mi ò wá ní mọ ìgbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Omi lé ròrò sójú agbẹ̀bí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, ibi tí mo ti ń gbẹ̀bí ni mo wà. Wọ́n pè mí, mi ò lè fi obìnrin náà sílẹ̀. Gbogbo ọmọ mi ló ti lá wọn lálàá, èmi nìkan ni wọn ò yọjú sí. Ohùn ọkọ̀ yìí nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé bóyá wọn ò bínú sí mi." Ó nu ojú. "Ẹ fi àwa méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀."

Mẹkáníìkì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Agbẹ̀bí wọ ọkọ̀, ó jókòó síwájú, ó tilẹ̀kùn. Láti ọ̀ọ́kán, mẹkáníìkì rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù kùn bí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa á. Ó tún sọ̀rọ̀, ó tún un yí, kò sí ohùn kankan. Ó gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó tún sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó yí i. Pọ́ọ̀ǹpù kùn. Mẹkáníìkì yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò yẹ kí ará ìta máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí agbẹ̀bí jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti balẹ̀.

"Bàbá wọn ní kí ẹ tún un ṣe," ó ní. "Wọ́n ní aboyún ò gbọdọ̀ dúró de òkú."

Mẹkáníìkì mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, kí bàbá àgbàlagbà ráyè sọ̀ kalẹ̀, kó tó gbé àga náà sókè.