Ìlà Mẹ́wàá Lábẹ́ Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àbúrò gbé ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ wọ yàrá ìtẹ̀wé yunifásítì. Ojú rẹ̀ fà ro. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó ti ń to ìwé ní yàrá náà láti ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ò fọwọ́ sí i."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ ti sọ àwọn di ìlà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni alábòójútó iṣẹ́ Àbúrò. Nínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí tí ó wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ náà, mọ́kànlá jẹ́ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Òfin ilé ìkàwé sì sọ pé bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé kan bá tẹ̀ léra, ẹ̀ẹ̀kan ni kí a tẹ orúkọ rẹ̀. Ìlà gbọọrọ ni kí ó dúró fún un níwájú àwọn tí ó kù. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni ó kọ òfin náà sínú fáìlì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń to ìtọ́kasí. Kọ̀ǹpútà gbọ́ràn. Orúkọ kan, ìlà mẹ́wàá.

"Wọ́n ní ṣé àwọn ti kú ni, tí ẹ fi fagi lé orúkọ àwọn."

"Ṣé o sọ fún wọn pé òfin ni?"

"Mo sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti wà níbí kí òfin tó dé."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Yunifásítì mìíràn ti fún Àbúrò níṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí pé ilé ìkàwé ti gba àpilẹ̀kọ rẹ̀ ránṣẹ́ kí agogo méjìlá ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣe ipò kejì ni wọn yóò mú. Ilé ìkàwé kò sì ní fún un ní ìwé ẹ̀rí láìsí ìbuwọ́lù Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n pa àṣẹ ìlà rẹ́. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó ní ó ti wá di ìwé báyìí, ó sì fọwọ́ sí i. Àbúrò gbé e lọ bá obìnrin tí ń yẹ àpilẹ̀kọ wò ní ilé ìkàwé. Rúlà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí ohun tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Rúlà wọn àlàfo etí ìwé. Ó ṣí ẹ̀yìn.

"Ìlà mẹ́wàá ló sọnù níbí."

"Ìyá mi, ẹ dákun, ọ̀la ni wọ́n—"

"Èmi kọ́ ni ìyá rẹ. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà."

Àbúrò padà sí yàrá ìtẹ̀wé, ó jókòó sórí páálí bébà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tán fún mi."

"Kò tíì tán. Gbé ìdí kúrò lórí bébà mi."

Ẹ̀gbọ́n fa ìwé òfin ilé ìkàwé yọ. Ojú ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó ti ń mú òfin inú rẹ̀ ṣẹ. Kò tíì kà á tán rí. Ó rí i ní ìpín kẹsàn-án pé a lè pín àkójọ náà sí abẹ́ àkọlé gẹ́gẹ́ bí irú iṣẹ́, àti pé lábẹ́ àkọlé tuntun, kí a tún tẹ orúkọ òǹkọ̀wé ní kíkún. Ìpín náà kò sọ iye àkọlé.

"Ka irú iṣẹ́ wọn fún mi."

Ìwé. Orí nínú ìwé ẹlòmíràn. Àròkọ inú jọ́nà. Bébà àpérò. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni Àbúrò ń kà á lọ títí ó fi dé ìkọkànlá, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìkéde."

"Ìkéde kí ni?"

"Nípa kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpàdé. Wọ́n ní kí ẹni tó bá mú un dá a padà."

"O wá tọ́ka sí i?"

"Wọ́n ní kí n tọ́ka sí gbogbo iṣẹ́ àwọn. Orí kẹrin ló wà, níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ohun ìní àjọni."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó kọ àkọlé kọkànlá: Ìkéde. Ó sì dá àṣẹ ìlà tí ó ti pa rẹ́ padà, gẹ́gẹ́ bí òfin.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ìlà mẹ́wàá tún jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àkọlé tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé orúkọ àfi bí a bá pàṣẹ fún un. Ẹ̀gbọ́n pàṣẹ kí ó máa gbàgbé Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àkọlé kọ̀ọ̀kan. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó gbàgbé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n fi bíírò ka orúkọ ara rẹ̀. Ó pé mọ́kànlá. Ó fọwọ́ sí i.

Rúlà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣí ìwé òfin sí ìpín kẹsàn-án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi rúlà sábẹ́ àkọlé tí ó kẹ́yìn.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí, ṣé wọ́n dá a padà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Wọn ò dá a padà. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ìta la ti máa ń ṣèpàdé."

Ó lu òǹtẹ̀. Agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fóònù Ẹ̀gbọ́n dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbà mí! Kí ni kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?"

"Má tọ́ka sí ìkéde mọ́."

Ó fi fóònù sílẹ̀. Ó ṣí ìwé òfin náà sí ojú ìwé kìn-ín-ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.