Àdúrà Ìdúró Alàgbà Ọláníyan

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ń dun Alàgbà Ọláníyan, kí ó bi í pé ta ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ìjọ wọn ní Ìjòkó. Wọ́n ti fò ó dá títí ó fi sú u. Kò sẹ́ni tó ní ó níwà burúkú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àdúrà rẹ̀ tutù, pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé á sùn, àwọn àgbà náà á sì bá wọn sùn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ irin ní Ṣàngó, kò sí nǹkan mìíràn tó wù ú bí ipò yìí.

Ní Sátidé kan, Rose, akọ̀wé ìjọ, ń tẹ ìwé ìkéde ọjọ́ Ìsinmi lórí kọ̀ǹpútà. Pásítọ̀ Gbóyèga kò tíì pinnu orúkọ tí yóò fi síbẹ̀ bí olórí aládùúrà: ti Alàgbà ni, àbí ti Màmá Lucy, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ń gbàdúrà ní Ìjòkó, ará Alápòtí á jí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Alàgbà bá wá sí ọ́fíìsì, ó wá àga tó ní tìmùtìmù, ó jókòó ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí Màmá Lucy náà ti wà níbẹ̀. Àga náà le díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àga ìjọ wo ni kò le?

Bó ṣe jókòó ni wàhálà dé. Lẹ́tà g bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó kún ìlà kan, ó bọ́ sí òmíràn. Rose yí kíbọ́ọ̀dù dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n, èérún ẹ̀pà jábọ́, g ń lọ. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó ṣí ìwé náà padà, g ń lọ. Níkẹyìn, ó fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ pátápátá. Lẹ́tà náà kò tilẹ̀ dúró mí. Rose káwọ́ lérí, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti wáyà.

Màmá Lucy ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó sì gbàdúrà débi pé gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Alàgbà tẹrí ba lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń ṣe àmín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. G ń kún ojú ìwé lọ.

Pásítọ̀ ní kí Alàgbà náà gbìyànjú. Alàgbà dìde. Kò tíì ju "Baba" lọ lẹ́nu rẹ̀ tí lẹ́tà náà fi dúró. Ẹnu ya òun gan-an. Ó lajú láàárín àdúrà, ó tún un dì. Ó ṣe àmín, ó jókòó, g tún gbéra. Ó dìde, ó gbàdúrà, g dákẹ́. Ó jókòó, g bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti dá gbogbo wọn lójú pé ìgbà tí Alàgbà bá ṣe àmín ni ọ̀tá ń ráàyè. Pásítọ̀ bá pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ṣe àmín mọ́ títí Rose yóò fi tẹ̀wé tán.

Rose ki wáyà kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà padà, ó ń tẹ̀wé. Alàgbà dúró, ó gbàdúrà fún ìjọ, ó gbàdúrà fún àwọn ilé iṣẹ́, ó kan àwọn ọlọ́kadà ojú ọ̀nà Ìgbẹsà. Àdúrà náà tutù bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n lónìí, kò sẹ́ni tó sùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbọ́ tí Pásítọ̀ ní kí Rose fi orúkọ òun síbẹ̀. Ó tún gbọ́ tó ń pe pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Ìgbẹsà, pé kọ̀ǹpútà wọn tó ń ṣàìsàn, àwọn ń gbé ọkùnrin kan bọ̀.

Orúnkún ti ń ro Alàgbà. Ó fọwọ́ ti ìjókòó àga lẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè sinmi. G. Ó gbọ́wọ́ kúrò, g dúró. Ó tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. G. Àdúrà ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù. Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ló fà yọ, èyí tí kì í lo wáyà, tí Rose ti pa tì. Ẹni tó gbálẹ̀ ti fi í pamọ́ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí yọ nǹkan kékeré tó ń gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Èyí kò tilẹ̀ dé àpò, abẹ́ ṣòkòtò gan-an ló wà.

Màmá Lucy dijú. Rose kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Dáńṣíkí Alàgbà sì fẹ̀ tó láti gbé kíbọ́ọ̀dù mì. Ó rò ó. Ká má purọ́, ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n omijé tó fi dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò tíì gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì gbà á láti fi irọ́ kún un.

"Àmín," ni ó wí. Gbogbo wọn yíjú sí i pẹ̀lú ìbẹ̀rù. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yẹn ná. Ìdí mi ló ń tẹ̀wé."

Ó gbé kíbọ́ọ̀dù náà sókè, ó tẹ lẹ́tà g lẹ́ẹ̀kan, g jáde. Rose fọwọ́ bojú. Ẹni tó wà lórí fóònù ṣì ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dé. Ojú ti Pásítọ̀, ó sì ní kí Rose yọ orúkọ náà kúrò. Alàgbà ní kò burú. Èyí dùn ún ju gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń fò ó lọ, torí pé lọ́tẹ̀ yìí, ó ti rí orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà.

Màmá Lucy ti di tábìlì mú, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó lè nàró. Nígbà tí ó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní, "Rose, má tíì yọ ọ́. Pásítọ̀, mo ti gbàdúrà lórí oríṣiríṣi nǹkan tó jẹ́ pé yóò dáa fúnra ẹ̀, mo sì gba ìyìn ẹ̀. Ohun tí Daddy sọ yìí, èmi ò lè sọ ọ́. Ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀."

Pásítọ̀ wo obìnrin náà, ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó ní kí Rose tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Alàgbà jókòó, ó ti dúró pẹ́. Alàgbà gbé tìmùtìmù sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀ fínnífínní, kí ó tó jókòó.