Ìyàwó Bàbá Aláyùn

Iṣẹ́ abẹ ojú ni wọ́n ṣe fún káfíńtà kan. Ọjọ́ méje gbáko ni báńdéèjì máa fi wà lójú rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí wá ń bẹ ìyàwó rẹ̀ fún lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù? Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe àdúrà.

"Jọ̀ọ́, máa bá mi wọ inú ìlú lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá yọjú fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á wó ilé rẹ̀, wọ́n á pín ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́lé yẹn!"

Ìlú wo? Eré inú kọ̀ǹpútà ni o! Àwọn tó ń ṣe é ló ń kọ́ ìlú náà, àwọn náà ló ń ṣòfin rẹ̀. Bí o bá sì pa kọ̀ǹpútà tìrẹ, àwọn tó kù á máa báyé wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí káfíńtà ń gbé gan-an, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti yọ láti ọdún tó kọjá, kò ráyè kàn án. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú dídì yẹn ṣe é láàánú, ó ní òun á gbìyànjú.

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ. Òpópónà yọ, afárá yọ, ọjà pákó yọ. Ọ̀rọ̀ ń wọlé wìtìwìtì: "Bàbá Aláyùn, ẹ pẹ́ lónìí! Ẹ wá bá wa parí ìjà ààlà." Ta ló ń jẹ́ Bàbá Aláyùn? Àṣé ọkọ òun ni! Ọkùnrin tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dá lóhùn, òun ni odindi ìlú ń dúró dè kó wá dájọ́.

Ó rìn yí ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sínú ìlú náà ká. Lẹ́yìnkùlé, ó rí ibojì kan tí òdòdó bò. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: ÌYÀWÓ BÀBÁ ALÁYÙN LÓ SÙN SÍBÍ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé òun nìyí ni, àbí ọkọ òun ní ìyàwó mìíràn níbí? Kò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Ilẹ̀ mọ́, ó di ọsibítù.

"Bàbá àwọn ọmọ, ta lẹ sin sẹ́yìnkùlé?"

Káfíńtà ń táràrà wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí aṣọ ìbora.

"Ìwọ ni. Ṣé o rántí ìgbà tí ìwọ náà dùbúlẹ̀ síbí, tí mo sùn sórí àga fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Wọn kì í gba àìsàn ní àwáwí nínú ìlú yẹn, torí gbogbo èèyàn ló ń fi purọ́. Ọ̀fọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo bá ní o ti kú. N kò mọ̀ pé wọ́n máa gbẹ́ ibojì."

"Nígbà tí mo wá gbádùn ńkọ́?"

"Wọ́n ti sunkún jù. Ojú ń tì mí."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sírú èyí? Ẹni tó jókòó tì í kó má baà kú, òun náà ló tún pa á. Aránṣọ fẹ́ bínú, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí ọ̀kankan ṣe. Ó ń dá sọ̀rọ̀ títí ó fi délé.

Nígbà tó wọ ìlú nírọ̀lẹ́, ó kọ ọ́ gbangba: "Bàbá Aláyùn kọ́ nìyí. Ìyàwó rẹ̀ ni. N kò kú o!"

Ẹnì kan fèsì: "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀fọ̀ kì í tán bọ̀rọ̀." Òmíràn ní: "Ẹ má dá jókòó. À ń bọ̀."

Yéè! Wọ́n ń bọ̀ lóòótọ́. Alágbẹ̀dẹ dé, atukọ̀ dé, kálukú mú òdòdó lọ́wọ́. Wọ́n ń sọ ohun tí Bàbá ti sọ fún wọn nípa olóògbé: pé eyín ló fi ń já òwú, pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó pa àwàdà rẹ̀ tán, pé ilé kì í gbóná bí kò bá sí nílé. Ọkọ rẹ̀ kò sọ ẹyọ kan rí lójú rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú aránṣọ, ó ń fi aṣọ oníbàárà nù ún.

Fóònù dún. Ọkọ rẹ̀ ni. "Ṣé o ò wá mọ́ ni? Ibí dá jù."

Alákàrà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nídìí ibojì. Aránṣọ kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Mò ń bọ̀," ó ní. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."