Ẹja Tí Eunice Fi Sílẹ̀

"Má dà á sínú ẹ̀ o!" Gabriel di ọwọ́ Àkíbù mú. "Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Àkíbù, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èkó, gbé ike padà sílẹ̀. Ike mẹ́ta ló gbé wá láti etí òkun láàárọ̀ Sátidé náà, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi òkun kan, ó sì tò wọ́n sí pálọ̀ Gabriel ní Òkè Padre. Nínú àkọ́kọ́, ẹja abilà kan ń fi ara gbá ike. Nínú èkejì, akàn kan ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tóbi bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Edé méjì ló wà nínú ẹ̀kẹta, àti akàn kékeré kan tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun, tó ń wọ́ ilé rẹ̀ kiri bí ayálégbé tí onílé lé jáde.

"Ọ̀gá Gabriel, ẹja ni o, kì í ṣe ẹyin," Àkíbù ní. "Ní àdúgbò wa ní Bẹyẹrúnká, epo gbígbóná la máa ń dà á sí."

Comfort, ìyàwó Gabriel, bú sẹ́rìn-ín. Gabriel kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àpótí gíláàsì tó wà lẹ́bàá ògiri, níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan ti ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi iyọ̀. Ẹja kan ṣoṣo ló kù láàárín òkúta inú rẹ̀, ẹja wẹ́rẹ́ kan tó pọ́n bí ìyeyè.

"Àpótí yìí kéré," Gabriel ní. "Kì í ṣe gbogbo ohun tó ti inú òkun wá ló lè jọ gbé. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá gba ẹnìkejì, yóò gbé e mì. Èyí tó bá sì fẹ́ràn ìjà, ihò kan kò ní tó o, gbogbo ilé ni yóò gbà. Àkíbù, mú abilà yìí padà."

"Akàn yìí ńkọ́?" Comfort béèrè.

"Akàn tó bá lọ́wọ́ ńlá, òru ló fi ń ṣọdẹ. Eunice máa ń sọ pé ẹja tó bá sùn ti akàn kò ní jí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Comfort. Eunice ni ìyàwó tí Gabriel kọ́kọ́ fẹ́, tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Sístà òyìnbó kan ló fún un ní àpótí náà nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun inú rẹ̀. Orogún tó wà láyé, èèyàn lè bá a jà, kí wọ́n sì tún parí ìjà. Èyí tó wà lọ́run, ibo ni èèyàn ti fẹ́ rí i gbá mú?

Gabriel bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì. "Àṣàkẹ́, ṣé o jí ire?"

Ẹja náà wẹ̀ bọ̀ wá bá a. Àṣàkẹ́ ni oríkì Eunice. Comfort náà ní oríkì, ṣùgbọ́n láti Àjíǹde tó ti wọlé, Comfort lásán ni Gabriel ń pè é, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Wọ́n ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù," Gabriel ní. Rédíò ló ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ. "Bá mi yan èyí tó bá yẹ, o ti gbọ́ bó ṣe rí. Kí o tó gbé e wọlé, máa bu omi àpótí sí i díẹ̀díẹ̀, kí ara rẹ̀ lè mọ ibi tó dé."

Àkíbù gbé ike abilà kọ́ apá. "Ìyàwó ọ̀gá, bí ẹ bá wá ohun tẹ́ ẹ máa fi jẹ̀bà, akàn wà nílẹ̀ o."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Comfort mú ife. Ike akàn ló fà sọ́dọ̀.

Ta ni yóò mọ̀? Àṣìṣe ìyàwó tuntun ni wọn yóò pè é. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kò ní sí Àṣàkẹ́ mọ́ nínú ilé yìí, Gabriel yóò sì wá ẹlòmíràn tí yóò máa kí láàárọ̀. Ó bu ife omi kan sórí akàn náà. Ó dúró díẹ̀, ó tún bu òmíràn. Akàn náà tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n kí káàbọ̀.

Ìgbà náà ni ọwọ́ Comfort dúró sójú kan.

Ọjọ́ tí wọ́n mú un láti Kúdẹtì wá sí ilé yìí, igbá omi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin ẹbí ọkọ sì ti ká aṣọ sókè láti bu omi sí i lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ti í ṣe fún ìyàwó. Ìyá Gabriel ló na ọwọ́ dá wọn dúró. "Ẹ jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Omi tí a bù sẹ́sẹ̀ Eunice kò tíì gbẹ." Wọ́n gbé igbá náà kúrò lọ́nà. Eruku Kúdẹtì ni Comfort gbé wọ yàrá. Òun náà ló wá ń bu omi fún akàn yìí.

Ó gbójú sókè. Ẹja pupa náà ti wá sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, ó ń lanu, ó ń panu dé.

"Èmi kọ́ lò ń wá," Comfort sọ fún un. "Comfort ni mí."

Ẹja náà kò lọ. Kò mọ̀ pé òun ni orogún ẹnikẹ́ni.

Comfort ki ọwọ́ bọ inú ike. Akàn náà fi ọwọ́ ńlá yẹn gbá a níka mú. "Yéè! Ìwọ náà? Lẹ́yìn gbogbo omi tí mo bù fún ọ?" Ilé ìdáná ló gbé e gbà.

Kí oòrùn tó wọ̀, Gabriel ti dé. Ó lọ síbi àpótí kó tó bọ́ bàtà. Akàn kékeré náà ń gbé ìkarahun rẹ̀ gun òkúta. Àwọn edé wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹja pupa ń yọjú nínú ihò rẹ̀. Gabriel mí kanlẹ̀. Ó jókòó ti èbà, ó bu ọbẹ̀, ọwọ́ akàn ńlá kan sì dìde sí i nínú àwo.

"Ṣé akàn àárọ̀ yẹn nìyí?"

"Òun ni." Comfort kò jókòó. "Inú àpótí yẹn ni mo fẹ́ gbé e sí. Mo ti ń bu omi fún un. Mo fẹ́ kó pa ẹja Eunice."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Gabriel. Ó dá a padà sínú àwo. "Kí ló dá ọ dúró?"

"Omi yẹn ni. Ẹ ní àlejò kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé wọ́n bu omi fún un. Ẹsẹ̀ gbígbẹ ni èmi fi wọ ilé yìí."

"Comfort, ìyá ló—"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Gabriel ti àwo ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Comfort bu omi tútù sínú abọ́, ó gbé e fún un pẹ̀lú ife. Ó jáde sí ìta, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Gabriel gbé abọ́ tẹ̀ lé e, ó wo ilé àwọn aládùúgbò. "Àwọn obìnrin ilé ló máa ń ṣe é."

"Èmi nìkan ni obìnrin ilé. Mi ò sì lè bu omi sí ara mi lẹ́sẹ̀."

Gabriel lóṣòó. Ó ki ife bọ abọ́, ó bu omi sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún Comfort. Omi náà ṣàn gba orí ìloro lọ sínú gọ́tà. Nínú pálọ̀, ẹ̀rọ kékeré yẹn ń mí.

"Kí ni wọ́n ń kì ọ́ nílé yín?" ó béèrè. Kò gbójú sókè.

"Àmọ̀kẹ́."

Ó tún ki ife bọ omi, ó yíjú sí ẹsẹ̀ òsì.