Etíkun Tí Mo Yàn fún Bàbá Àrínọlá

Etíkun mẹ́ta ló jókòó sí pálọ̀ mi, Bàbá Àrínọlá, ọkọ mi, sì ń pín omi tútù fún wọn. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Àbíkẹ́yìn wa kò tíì lọ́kọ nígbà yẹn, ó sì ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi wọ dàńṣíkí aláwọ̀ ewé tó máa ń wọ̀ ní Sátidé, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ bó ṣe máa ń fà á, mi ò sì rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó mọ ibi tí kọ́ọ̀pù wà. Nígbà tó wà láyé, bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, láti yàrá ni yóò ti máa pariwo orúkọ mi.

Ó ní, "Àwẹ̀ní, wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan."

Mo ní, "Ta ló fún yín?"

Ó ní, "Wọ́n ní ká lọ lò ó létí òkun. Ìwọ ni kó o yan èyí tá a máa lọ. Tá a bá ti tẹ iyanrìn rẹ̀ báyìí, ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí oòrùn bá wọ̀, mo ń padà."

Ibi tí à ń lọ ní Mọ́ńdè Àjíǹde nígbà tí à ń fẹ́ra wa kò sí mọ́. Wọ́n ti da iyanrìn dí i, wọ́n sì ti kọ́ ilé gogoro lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́ta yìí fi wá fi ara wọn hàn.

Èyí tó ti apá Lẹ́kí wá lo awò dúdú. Ẹṣin kan dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń jẹ kọ́tíìnì mi. Orin ń jáde lára rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì mí, àwọn kọ́ọ̀pù á máa jó lórí tábìlì. Ó ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ wá. Irú ìdí yẹn kò yẹ kó máa jókòó sílé." Mo wo ìdí mi. Ó ti gba àga ẹni méjì, ó sì ń wá ìkẹta. Mo gbà pé kò parọ́.

Ìkejì ti òdìkejì ọ̀sà wá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé, ó sì so okùn rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ fìríìjì mi kó má baà ṣàn lọ. Ara rẹ̀ tòrò, ó mọ́ lójú. Àmọ́ kò sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń já èmi àti ọkọ mi láyà. Ẹ̀ẹ̀kan péré la wọ̀ ọ́ rí. A di mọ́ra débi tí atukọ̀ fi ń kí wa kú oríire ìgbéyàwó, a sì ti bí mẹ́rin.

Ẹ̀kẹta, tó ti ọ̀nà Bàdágírì wá, ló dàgbà jù. Imọ̀ àgbọn ló wé sórí, ó sì wọ́ sápá kan. Ó ní, "Ẹ kú ilé o," ó sì ń fi eyín bó àgbọn tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Tí mi ò bá tíì yàn, ọjọ́ náà ò ní bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi á ṣì wà ní pálọ̀ mi. Aṣọ òkìríkà ni mo fi gbogbo ayé mi tà, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọjà falẹ̀ tó mi. Mo yí ti Lẹ́kí sódì, mo wo abíyá rẹ̀, mo nà án sójú fèrèsé bóyá ó lu. Àwọn akàn wẹ́wẹ́ jábọ́ nínú àpò rẹ̀. Mo ní àwọ̀ rẹ̀ máa ṣí. Mo gbóòórùn ìkejì, mo ní ó ń rùn kẹrosíìnì. Mo ní kí ẹ̀kẹta dìde, kó yí, kó jókòó, kó tún dìde.

Lẹ́yìn náà mo ní ebi ò gbọdọ̀ pa àlejò, mo lọ gbé ẹ̀wà kaná. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó ti gbó, tí kì í tètè jinná. Ilé ìdáná ti jìnnà sí ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Mo gba inú yàrá kan ṣoṣo tá a kọ́kọ́ gbà ní Muṣin kọjá, bẹ́ẹ̀dì wa ṣì wà níbẹ̀, ibi tí ara wa ti tẹ̀ ẹ́ wọnú ṣì wà lójú ẹ̀ méjèèjì. Inú mi dùn pé ọ̀nà náà gùn.

Bàbá Àrínọlá fi imú rẹ́rìn-ín láti pálọ̀. "Àwẹ̀ní, ṣé bí wàá ṣe ṣe é nìyí?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yẹ ọjà wò."

Nígbà tí mo gbé ẹ̀wà dé, ṣòkòtò rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣòkòtò ta lẹ gbé wọ̀?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ gbé kọ́ọ̀pù lé orí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí mo ṣe ń falẹ̀, òun ni mò ń ná tán. Mo gbé ìkòkò ẹ̀wà lé ẹ̀yìn ẹṣin.

Àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣì ń pọ́n ara wọn lé. Ẹ̀kẹta sọ̀kalẹ̀ lórí àga ní tirẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú òun àti ojú ọkọ mi lè bára dọ́gba, ó sì ha ibi tó rọ̀ lára àgbọn náà fún un nítorí pé eyín ọkọ mi ò lágbára.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni mo yàn."

Ti Lẹ́kí pòṣé, ó fa ẹṣin rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀wà mi. Ìkejì fa okùn rẹ̀, fìríìjì sì tẹ̀lé e.

Iyanrìn ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bó ṣe kan Bàbá Àrínọlá ló padà ga. A ò ṣe ohun bàbàrà kankan lọ́jọ́ náà. Ó gbórí lé itan mi, mò ń fa ewú orí rẹ̀ tu, ewú kọ̀ọ̀kan ń di ẹja tín-ín-rín, ó ń rìn lọ sínú omi. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ, mo sì ròyìn wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí kì í pe tẹlifóònù. Ni mo bá ní kí n ṣe ọmọge díẹ̀. Mo ká ìró sókè, mo wọnú omi. Ìgbì kan tú ìró náà lára mi, ó gbé e lọ, mo wá dúró pẹ̀lú pátá mi gbàgẹ̀rẹ̀, èyí tí ọmọ ọmọ mi ní ó tó bo mọ́tò. Bàbá Àrínọlá rẹ́rìn-ín títí tó fi nà gbalaja sílẹ̀.

Ó ní, "Àwẹ̀ní, ara ṣì wà."

Mo ní, "Ó wà. Ó kàn ti wálẹ̀ ni."

Oòrùn wọnú omi. Bàbá Àrínọlá dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára, ó ní, "Ó ti tó." Mi ò sunkún. Mo na ọwọ́ sí etíkun náà.

Mo ní, "Èènì mi ńkọ́?"

Etíkun náà ní, "Màmá, ọjọ́ kan la jọ sọ."

Mo ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ra ọjà lọ́wọ́ mi rí tí mi ò fi nǹkan lé e, ì báà ṣe ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Mi ò kúrò níbí." Mo sì fìdí jókòó pẹ̀lú pátá mi.

Ojú máa ń ti Bàbá Àrínọlá tí mo bá ń bèèrè èènì. Níbi tí mo bá ti ń ná ọjà, ọ̀ọ́kán ló máa ń lọ dúró, á máa wo ojú ọ̀run bíi pé kò mọ̀ mí rí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ náà.

Etíkun náà mí kanlẹ̀. Oòrùn tó ti wọ̀ yọ orí padà láti ibi tó gbà wọlé, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, omi ń kán lára rẹ̀. Bàbá Àrínọlá padà jókòó, ó ká dàńṣíkí rẹ̀ sókè, ó kẹ́yìn sí mi pé kí n bá òun họ ọ́.

Mo ní, "Ibo?"

Ó ní, "Ìsàlẹ̀ díẹ̀."