Lífù Mi Kì Í Ṣe Ti Òkú

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Maryland yìí. Ẹ bá mi wá ìgbà kan tí mo gba lífù lẹ́nu iṣẹ́ tí kì í ṣe torí òkú. Ẹ ò ní rí i. Bàbá mi kú, mo lọ. Ìyá mi kú, mo lọ. Àbúrò bàbá ọkọ mi tí mi ò fojú rí rí kú, èmi náà ni mo dúró ti ìkòkò ọbẹ̀ n'Íbàdàn fọ́jọ́ mẹ́ta. Mo padà dé ilé ní Laurel pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ọjọ́ kejì mo wọ ṣíìfù wákàtí méjìlá.

Torí náà, nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Shanghai. Ìlú àtijọ́ kan wà nítòsí ibẹ̀, Zhujiajiao lorúkọ rẹ̀, omi ló ń gba àárín ilé kọjá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ ládùúgbò. Àwòrán rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà kan níbi tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́. Kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò lára ògiri lójú mi?

Ni Bọ̀dá Taofeek, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bá wakọ̀ wá láti Fort Washington. Wọ́n ní àdúrà ìrántí ọdún kẹwàá tí bàbá àwọn kú, tí wọ́n máa ṣe n'Íbàdàn, bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kí n lọ pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní Ṣáínà ò ní sá lọ. Mo wo Àbdùlláhì, ọkọ mi. Ìrẹsì ló ń wò nínú àwo.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," mo ní. "Bàbá náà ò ní sá lọ. Ṣáínà ni mò ń lọ."

Wọ́n bi mí pé ìyàwó ilé wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ìyá àwọn á gbọ́. Ìyẹn bà mí lẹ́rù, torí mo fẹ́ràn ìyá ọkọ mi, Màmá Abibat, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá kọ̀ mí, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e. Síbẹ̀ mo lọ. Àbdùlláhì bá mi gbé báàgì dé pápákọ̀ òfurufú, kó tó gba Ìbàdàn lọ síbi àdúrà náà.

Ẹ gbọ́, mo rí i! Afárá òkúta gíga, omi tútù nini, àwọn obìnrin tó ń di ìrẹsì sínú ewé bí ẹní di mọ́ínmọ́ín. Mo ra méjì tó ní ẹ̀wà nínú, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn létí omi, mo na ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá bu ọbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Bọ̀dá Taofeek fi pè mí lórí fídíò láti ibi àdúrà. Wọn ò kí mi. Wọ́n kàn gbé fóònù síwájú ìyá wọn, wọ́n ní kí wọ́n wá wo Ọmọ́kẹ́mi ìyàwó wọn. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta, mo kí wọn.

"Màámi, mi ò ní parọ́ fún yín," mo ní. "Ó wù mí ni mo ṣe wá."

Màmá sún mọ́ fóònù títí ó fi ku ojú wọn nìkan. Bọ̀dá fẹ́ máa ṣàlàyé.

"Taofeek, dákẹ́," ni Màmá wí. "Látìgbà tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ, torí òkú nìkan ni mo fi ń rìnrìn àjò. Ọmọ́kẹ́mi, yí fóònù yẹn sí omi. Rọra yí i, mo fẹ́ rí i tán."